Orí Keje: Ọjọ́rú Èébú

"Ẹ̀yin Olórí Ìjọba, mo foríbalẹ̀ o. Òpùrọ́ ni yín, sà."

Ilé aṣòfin bú sẹ́rìn-ín. Aṣojú àwọn apẹja tó sọ̀rọ̀ náà tẹ orí ba dáadáa kó tó jókòó, torí bí òfin Ìwọ̀-Odò ṣe wí nìyẹn: ní gbogbo Ọjọ́rú, kò sí èébú tí wọn ò lè bú Olórí Ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bú u láì kọ́kọ́ kí i, ìta gbangba ni yóò ti parí èébú rẹ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni Ayọ̀rìndé, Olórí Ìjọba, ti ń jẹ èébú yìí. Ó yẹ kó ti rù, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń kún sí i ni. Ó fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, ó ń run orín, ó ń bá àwọn tó ń bú u rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn Òjélẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Dígí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Àbúrò rẹ̀, Akínlàjà, ló wà nínú dígí náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní òdìkejì odò, ìdè irin wà lọ́rùn rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré kan ń sá lábẹ́ àwòrán náà. Ó ku wákàtí kan ó dín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tí agogo méjìlá ọ̀sán bá lù, àwọn ará Ìlà-Odò máa tan ìdè yẹn, ohùn Akínlàjà á sì kú. Òun fúnra rẹ̀ ò ní kú. Á máa jẹ, á máa mu, ṣùgbọ́n kò ní lè pe ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́ títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ẹnu ni ọmọ náà fi ń jẹun. Akéde ọkọ̀ ojú omi ni, òun ló ń pe èrò, òun ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà bẹ̀rù ìgbì.

Ẹnu yẹn náà ló kó bá a. Ọjọ́rú kan ni ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí èbúté Ìlà-Odò, ó sì mú gbohùngbohùn, ó ní kí Ààrẹ wọn jọ̀ọ́ má bínú o, òun kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ikùn wọn ti ń ṣáájú wọn dé ọ́fíìsì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ní èbúté náà. Ará Ìwọ̀-Odò nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Wàrà ìyá ni wọ́n fi mu ún pé ẹni tí èèyàn bá dìbò yàn, èèyàn lè bú u, bí èèyàn bá ti kí i tán.

Ìbídùn pa ọwọ́ dé, ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ síbi tí aṣojú Ìlà-Odò jókòó sí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Ṣówándé lorúkọ rẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà lórí itan rẹ̀. Ìwé àforíjì Akínlàjà ló wà nínú rẹ̀. Àmì ọwọ́ Ààrẹ ń tàn yòò lára ìwé náà lápá ọ̀tún, apá òsì, tó jẹ́ ti Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Odò, ṣófo.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọmọ Ilé Aṣòfin," ni Ṣówándé wí. "Wọ́n ti fún àbúrò yín lóúnjẹ. Mo ní kí n sọ fún yín."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ò wá lè jẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́?"

"Ààrẹ ní agogo méjìlá."

"Ta ni mo lè bẹ̀ lẹ́yìn Ààrẹ?"

"Kò sí ẹnì kankan." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń fi nǹkan yangàn. "Ẹ wo ìwé yìí. Ẹnì kan ló tẹ̀ ẹ́. Kò pe ìpàdé, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Àwọn aṣòfin wa tiẹ̀ wà ní ilé tiwọn lọ́tọ̀, òun wà ní tirẹ̀. Wọn ò lè lé e, kò lè lé wọn. Ẹ wá wo tiyín. Láti agogo mẹ́jọ ni mo ti jókòó síbí, n ò tíì mọ̀ bóyá ẹ ní ìjọba àbí ẹ ò ní."

"Ta ló wá ní kí wọ́n de àbúrò mi lọ́rùn?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ báyìí?"

"Ní tiyín, ẹ pín agbára sí méjì," ni Ṣówándé wí. "Ẹ gbé bàbá arúgbó kan kalẹ̀, ẹ pè é ní Bàbá Orílẹ̀-èdè, ẹ dé e ládé, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣí afárá lọ. Ẹ wá mú ẹlòmíràn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ń bú u. Tiwa, ẹni tó dé adé ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá bú u, orílẹ̀-èdè ló bú. Ẹnu àbúrò yín ò mọ ìyàtọ̀."

"Bí ẹ bá wá yan wèrè ńkọ́?"

"A ó máa bá a yí i fún ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yin ńkọ́, bí ẹ bá yan ọlọ́gbọ́n? Oṣù mẹ́fà ni ẹ fi ń lò ó."

Inú bí Ìbídùn. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin náà kò parọ́. Ìjọba mẹ́rin ti ṣubú níṣojú rẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Èyí tó wà lórí oyè yìí gan-an, wọ́n ti gbé ẹ̀sùn àìnígbẹ́kẹ̀lé dìde sí i láti agogo mẹ́sàn-án, òfin sì ti di ọwọ́ Ayọ̀rìndé látìgbà náà. Kò sí ìwé tí ìka rẹ̀ lè ṣí, kò sí èyí tó lè tẹ̀, títí ìbò yóò fi parí. Bí ó bá borí, yóò tẹ apá òsì ìwé náà, Akínlàjà á wá sílé. Bí ó bá ṣubú, kò ní sí Olórí Ìjọba ní Ìwọ̀-Odò fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Agogo méjìlá kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn aṣòfin jẹ́ ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún. Àádọ́ta wà lẹ́yìn Ayọ̀rìndé, àádọ́ta fẹ́ kó lọ. Ẹni tó kù ni Ìbídùn, aládàádúró tí ìlú Ọ̀jọwá rán wá.

Ohun tí Ọ̀jọwá rán an kò sì fara sin. Ẹgbẹ̀ta ilé ló wà níbẹ̀, Ayọ̀rìndé sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó gbogbo wọn, kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe oko gíláàsì tí yóò máa gba oòrùn fún àwọn ìlú ńláńlá. Láti ọjọ́ Àìkú ni àwọn ẹ̀rọ akálé ti tò sí ẹnu ààlà ìlú, ogún ẹ̀rọ, tí wọ́n lè ká ilé alájà méjì bí ẹní ká ẹní. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọ̀la, ni wọ́n máa wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá wọn padà. Ní Ìwọ̀-Odò, bí ìjọba bá ṣubú, gbogbo àṣẹ rẹ̀ ló ń bá a ṣubú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dìbò fún Ìbídùn. Nínú ilé aṣòfin yìí, ẹni tó bá fara mọ́ ìjọba ló ń dìde dúró. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á jókòó. Orin tí wọ́n fi sìn ín jáde nílùú ni pé, "Lọ bá wa jókòó, Ìbídùn, lọ bá wa jókòó." Ó jó sí orin náà. Ó búra.

Nígbà tó padà dé àyè rẹ̀, Ayọ̀rìndé ti wà níbẹ̀, ó fi ìdí ti apá àga rẹ̀.

"Àbúrò mi," ló wí, "má da ara rẹ láàmú. Mi ò ní kó o fẹ́ràn mi. Kó o kàn dìde ni."

"Mo kí yín, sà. Olè ni yín."

"Mo gbọ́. Dìde."

"Ẹ fi Ọ̀jọwá sílẹ̀, màá dìde."

"N ò lè fi í sílẹ̀." Ó yọ orín lẹ́nu. "Ṣé o rí àádọ́ta èèyàn tó wà lẹ́yìn mi yìí? Oko gíláàsì ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn ò tẹ̀ lé mi. Tí mo bá fi Ọ̀jọwá sílẹ̀ báyìí, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ jókòó. Ààrẹ òdìkejì yẹn lè jí láàárọ̀ kó ní òun ti yí èrò padà. Èmi ò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé yìí ló di okùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Tí mo bá wá dìde, tí ẹ ò tẹ ìwé àbúrò mi ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ní Ọjọ́rú," ni Ayọ̀rìndé wí. "O lè jókòó lé mi lórí nígbà náà." Ó kọjá lọ, ó ń kí èèyàn lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

Ìbídùn kórìíra ọkùnrin náà dé egungun. Ó sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ó wo dígí ọwọ́ rẹ̀. Akínlàjà ń bá ẹ̀ṣọ́ kan sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí i tí ẹ̀ṣọ́ náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ìdè wà lọ́rùn ọmọ náà, ó ṣì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọkàn Ìbídùn ti já. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé òun á dìde. Kí Ọ̀jọwá bú òun. Ilé tí wọ́n bá ká, wọ́n lè tún un kọ́ síbòmíràn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà ló dì mú.

Agogo ìbò lù.

Ìlà iná pupa kan yọ láti ara ògiri, ó nà já gbogbo yàrá náà ní déédéé àyà èèyàn. Wọ́n ti ṣe ayédèrú ìwé ìdìbò rí ní Ìwọ̀-Odò, wọ́n ti ṣe ayédèrú ìka rí. Orí nìkan ni wọn ò tíì rí ṣe, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ń ka orí. Orí tó bá wà lókè ìlà, ti ìjọba ni. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ìlà, ọ̀tá ìjọba ni. Aṣojú Ìdí-Àràbà kúrú débi pé àpótí kan wà lábẹ́ àga rẹ̀, ó ti gùn ún báyìí, ó na ọrùn. Àwọn àádọ́ta dìde. Àádọ́ta jókòó pa. Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó dìde.

Ariwo sọ lápá àwọn tó jókòó. Ẹnì kan ń pòṣé. Ìbídùn kò wo ẹnikẹ́ni.

Ní àkókò yẹn ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Òfin gbà pé ìlú tí wọ́n bá fẹ́ kó lè rán ẹlẹ́rìí kan wá wo ìbò, Ọ̀jọwá sì ti rán Ìyá Olúbùṣe, olórí àwọn obìnrin ìlú, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Ó yẹ kí wọ́n ti dé láti agogo mẹ́wàá. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ló ní ohun ìjà ni ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn, wọ́n sì bá a jà fún wákàtí kan kí wọ́n tó fi ọ̀pá náà sílẹ̀ fún un. Ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà láàárín àwọn àga, wọ́n ń di àga kan mú, wọ́n ń fi í sílẹ̀, wọ́n ń di òmíràn mú, títí ọwọ́ wọn fi ba apá ẹnì kan tó dúró.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Àjọkẹ́!"

Láti ìgbà tí ìyá Ìbídùn ti kú, ẹnu obìnrin yìí nìkan ló kù tó ń pè é ní oríkì yẹn. Inú ilé wọn lòun àti Akínlàjà ti ń jẹun lọ́dún tí ọlọ́mọ lọ, lórí àwo kan náà. Kò rò ó. Orúnkún rẹ̀ ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn, Mà," bó ṣe máa ń kí wọn láti kékeré.

Ìlà iná kú.

"Àádọ́ta lókè," ni ẹ̀rọ wí. "Mọ́kànléláàádọ́ta nísàlẹ̀. Ìjọba ti ṣubú."

Yàrá náà dàrú. Àwọn tó jókòó ń fò sókè, aṣojú àwọn apẹja gun orí tábìlì. Ayọ̀rìndé dúró síbi tó wà, orín wà lẹ́nu rẹ̀, kò run ún mọ́. Ìyá Olúbùṣe gbọ́ iye tí ẹ̀rọ pè, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọn wá orí Ìbídùn, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé e.

"O jókòó fún wa," ni wọ́n ń sọ. "Ọmọ mi, o jókòó fún wa. O ò ní kú ní kékeré. Ilé rẹ ò ní wó."

Olórí Ilé lu tábìlì. "Gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹni tí ẹ̀rọ bá ṣì kà, kó ké kí n tó ka ẹ̀wá. Ení."

Ìbídùn wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Èjì. Ẹ̀ta."

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé kì í ṣe ìbò. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á gbé e lọ́rùn wọ Ọ̀jọwá lọ́sàn-án yìí. Ẹsẹ̀ òun ló dìbò, á lè sọ fún ara rẹ̀ títí ayé pé òun fẹ́ gba àbúrò òun là, ẹsẹ̀ òun ni ò jẹ́.

"Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà."

Àtẹ́lẹwọ́ ìyá náà gbóná lórí rẹ̀. Ó rántí bí Akínlàjà ṣe pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n ti ń pè é ní odi. Lọ́jọ́ kan ó kàn la ẹnu, ó ní kí wọ́n fún òun lẹ́ja sí i.

"Èje. Ẹ̀jọ."

"Àṣìṣe!"

Ọwọ́ tó wà lórí Ìbídùn kò mira.

"Ta ló ké?"

"Èmi ni. Ìbídùn Òjélẹ́yẹ, ti Ọ̀jọwá."

"Ẹ sọ àṣìṣe náà kí gbogbo èèyàn gbọ́."

"Mo kúnlẹ̀ kí àgbà ni. N ò dìbò."

"Ṣé ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìbò yín?"

"Kì í ṣe ìbò mi."

"Ẹ dìde, kí ẹ̀rọ kà yín."

Kò lè dìde láìjẹ́ pé ó ti orí rẹ̀ kúrò lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Olúbùṣe. Ó dúró díẹ̀ bóyá wọ́n á gbé e kúrò fúnra wọn. Wọn ò gbé e. Ó fi orí ti ọwọ́ náà sókè, ó dìde, ìlà iná sì yọ.

"Mọ́kànléláàádọ́ta lókè. Ìjọba dúró."

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni aṣojú àwọn apẹja pariwo láti orí tábìlì. "Ẹlẹ́nu méjì! Ìyà ni yóò jẹ ọ́!" Kò kọ́kọ́ kí i, kò tẹ orí ba, Olórí Ilé kò sì lé e síta. Olórí Ìjọba nìkan ni òfin ìkíni wà fún. Èébú bo Ìbídùn láti iwájú àti ẹ̀yìn, látẹnu àwọn tí wọ́n ti ń pè é ní arábìnrin láàárọ̀ yẹn, ó sì dúró gbà á.

Ayọ̀rìndé mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí agogo méjìlá nígbà tó tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí apá òsì ìwé náà. Lórí ògiri, àkọlé kan tàn: Ọ̀jọwá, Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́fà àárọ̀. Ṣówándé pa àpótí rẹ̀ dé, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn.

"Ní tiwa," ló rọra wí, "wọn ì bá ti kó ìlú yẹn láti oṣù tó kọjá, láìpe ẹnikẹ́ni wá jókòó tàbí dìde. Mo ti ń rò pé tiyín yàtọ̀." Ó tẹ orí ba, ó jáde lọ.

Ìyá Olúbùṣe ti wá ibi kan jókòó sí, ní àga tó kángun sí ti Ìbídùn. Ìbídùn fẹ́ bẹ̀ wọ́n, kò mọ ibi tó máa gbà. Ó la ẹnu, dígí ọwọ́ rẹ̀ sì kọ́kọ́ fọhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n ti tú mi o! Ọrùn mi ti fúyẹ́!" Ohùn Akínlàjà kún gbogbo àárín àga, bí ó ṣe máa ń kún èbúté. "Ẹ gbọ́, mo ti kí Ààrẹ wọn, mo ní ó dàbọ̀, mi ò fi nǹkan kan lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ọkọ̀ agogo méjì ni mò ń bá bọ̀. Ọ̀jọwá ni mò ń lọ tààrà. Ẹ sọ fún Ìyá Olúbùṣe pé ilé wọn ni mo ti máa jẹun, ebi ilé ń pa mí."

Ìyá Olúbùṣe ló na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ Ìbídùn títí wọ́n fi rí i, wọ́n fa dígí náà sún mọ́ ẹnu.

"Akínlàjà."

"Ìyá mi! Ẹ kú ọ̀sán, Mà!"

"Máa bọ̀," ni wọ́n wí. "Yára. Tó bá di ọ̀la, o ò ní bá ilé."